Wàláà Tí Ìyá Wa Fọ̀

Bàbá mi, Alfa tó kọ́kọ́ fi gègé lé mi lọ́wọ́,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá yín níbi tí ẹ wà. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa to ìkíni jọ bí ẹni ń to igi ìdáná. Ẹ ó ní kí n sọ ohun tí mo bá wá. Ó dáa. Ohun tí mo bá wá ni pé mo ti parí ẹ̀kọ́ mi. Iṣẹ́ àṣekágbá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da orí mi rú ti kẹ́sẹ járí, ẹ̀yin gan-an ni mo sì fi ṣe é. Ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀ ná.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa níbí ní Ìwó ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, ní igun tí awọ àgbò yín máa ń wà. Ṣé ẹ rántí? Bí ẹ bá ti kírun Àsùbáà tán báyìí, ẹ ó ti jókòó, ẹ ó ká ẹsẹ̀ kò, ìkòkò tàdáwà kékeré tí ẹ fi ń kọ̀wé á wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, pàṣán tí kì í na ẹnikẹ́ni á wà ní ọwọ́ òsì. Àwọn ọmọ kéwú á yí yín ká, kálukú pẹ̀lú wàláà onígi rẹ̀ lórí itan, wọn á máa ka èyí tí ẹ kọ fún wọn, ariwo á gba gbogbo àdúgbò. Tí oòrùn bá ti ń mú, Ìyá wa á gbé omi tútù wá fún yín. Wọ́n á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ náà, wọ́n á ní, "Alfa, ẹ kú ìjókòó o." Ẹ̀yin kì í gbójú sókè kúrò lára wàláà tí ẹ ń kọ. Ẹ ó kàn ní, "Hòo, Ìyá Alfa kékeré." Àfi kí ẹ dáhùn kí wọ́n tó dìde. Bí ọkàn yín bá wà nínú ìwé tí ẹ kò tètè gbọ́, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n máa wà. Èmi tí mo jẹ́ Alfa kékeré yẹn, ẹ̀rín ni mo máa ń fi ẹ̀yin méjèèjì rín nígbà náà.

Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Àwọn ará ilé ní kí ọmọbìnrin ṣáà ti mọ ìwọ̀nba tó máa fi kírun, ó tó. Ẹ ò bá wọn jiyàn. Ẹ kàn gé pòròpórò ọkà bàbà, ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fi gègé náà lé mi lọ́wọ́, ẹ sì fi ọwọ́ yín bo ọwọ́ mi títí mo fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo wá ní àwòrán yíyà ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ilé gbiná. Àbúrò yín ń pariwo pé, "Ọmọ Alfa! Àwòrán! Kí la fẹ́ gbọ́ yìí?" Mo rò pé ẹ̀yin náà á kọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tán, ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun, ẹ wá ní kí n ṣáà má ya ohun tí n kò bá mọ̀. Ìyẹn nìkan. N kò mọ irú bàbá tí mo ní títí mo fi dé àárín àwọn tí bàbá wọn ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí iṣẹ́ kan náà.

Bí ẹ ṣe lọ ni n kò tíì lè gbà tán. Ìgbà tí epo ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó ni. Kí wọ́n tó ríṣẹ́ rán sí mi, kí n tó rí ọkọ̀ tó máa gbé mi dé Ìwó, wọ́n ti sin yín. Ìṣe wa nìyẹn, òkú Mùsùlùmí kì í sùn sílé, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ya ojú oríṣiríṣi èèyàn, n kò rí ojú yín ìkẹyìn. Ẹ kò sì fi fọ́tò kankan sílẹ̀. Ẹ ti ní kí wọ́n má yà yín, wọn ò sì yà yín. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ mọ́ mi nínú. Màá rántí fìlà, màá rántí irùngbọ̀n, àárín wọn á wá ṣófo. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Ìyá wa ní tiwọn ká awọ àgbò yín nílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé e sí àjà, wọn ò sì gba igun yìí kọjá mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí ọdún ìkẹyìn mi dé, wọ́n ní kí kálukú wa wá iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò yàn fún un. Kó ṣèwádìí rẹ̀, kó rò ó jinlẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó sì dúró tì í níwájú àwọn olùyẹ̀wò. Bí o bá yege, o jáde. Bí o ò bá yege, o dúró de ọdún mìíràn, ta ló sì fẹ́ san owó ilé-ìwé ọdún mìíràn nígbà tí Alfa ò sí mọ́? Ọ̀gá Adéníji ni wọ́n fi èmi sí lábẹ́. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú bí abẹ. Mo gbé àwòrán àwọn apẹja lórí òkun lọ bá wọn, mo ti rí irú rẹ̀ lára kàlẹ́ńdà kan, ó wù mí. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọmọ Ìwó, òkun wo lẹ ti ń pẹja?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Mo di báàgì mi, mo wálé.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ ni mo tó rántí pé ẹ̀yin náà ti sọ ohun kan náà fún mi rí. Mo bá mú ìwé àyàwòrán mi, mo ní màá ya ohun tí mo mọ̀. Mo ya ìloro, mo ya kànga, mo ya igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé tí ẹ máa ń da omi tí ẹ fi fọ wàláà sí nídìí nítorí pé ẹsẹ̀ kì í tẹ ibẹ̀, mo ya Ìyá wa níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ń yà á lọ ràì. Ọjọ́ tí mo wá tẹ́ wọn sílẹ̀ kí n lè wò wọ́n papọ̀, mo rí i pé mo ti ya gbogbo ilé tán, igun yín nìkan ni mo fò. N kò mọ̀ pé mo ń fò ó. Bí Ìyá wa ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé ni èmi náà ń fi gègé gba ẹ̀yìnkùlé. Mo jókòó, mo sunkún mi dáadáa, mo nu ojú, mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo ní bàbá mi ni mo fẹ́ yà, n kò ní fọ́tò wọn, n kò sì ní ya ojú.

Ọ̀gá Adéníji ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní, "Èmi ò mọ bàbá ẹ, torí náà kì í ṣe èmi lo máa yà wọ́n fún. Bí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá wọlé tí kò bá wọn níbẹ̀, o ò tíì ṣe nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé rù láti ọjọ́ náà lọ. Tí mo bá ń fọṣọ, ó ń ró sí mi létí.

Báwo lèèyàn ṣe ń ya ẹni tí kò sí ńlẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ẹ kọ́ ní kéwú kiri. Mo bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ní gáréèjì Ilé-Ogbó, nínú báńkì níbi tí ọ̀kan ti ń ka owó lẹ́yìn gíláàsì. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bi wọ́n: kí ni Alfa kọ sí wàláà yín tí ẹ ò gbàgbé, báwo ni wọ́n sì ṣe kọ ọ́? Ẹ ò rí nǹkan! Àgbà ọkùnrin tó so táì mọ́rùn tẹ̀ mọ́ tábìlì báńkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka súrà kékeré lóhùn ọmọdé, àwọn oníbàárà ń wò ó. Télọ̀ ní ẹ máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu yín sí ìwé kó lè tètè gbẹ, pé òórùn obì lòun máa ń gbọ́. Obì! Mo ti gbàgbé pé ẹ máa ń jẹ obì. Ṣùgbọ́n èyí tí awakọ̀ ní gáréèjì sọ ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ó ní ẹ kì í kọ̀wé dé ìsàlẹ̀ wàláà lápá ọ̀tún, ẹ máa ń fi àyè kékeré sílẹ̀ ní igun. Mo ní ìyẹn mo mọ̀, mo rò pé bó ṣe wù yín ni. Ó ní rárá o, àyè àtàǹpàkò ọmọ ni, kó lè ríbi di wàláà mú, kó má baà fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ rẹ́. Gbogbo ọdún tí mo lò níwájú yín, ẹ ò sọ ọ́ rí. Mélòó ni irú rẹ̀ kù tí ẹ ṣe fún wa tí a ò mọ̀?

Ohun tí màá ṣe wá yé mi. Màá kọ ẹ̀kọ́ tí kálukú wọn rántí sára wàláà, bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́, pẹ̀lú irú tàdáwà yín, pẹ̀lú àyè àtàǹpàkò. Màá tò wọ́n yíká bí àwọn ọmọ ṣe máa ń yí yín ká, màá sì fi àárín sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tó bá mọ̀ yín á bá yín níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yín, ó kéré tán, á mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀ rí. Nínú orí mi, ó ti parí.

Háà, tàdáwà yín fojú mi rí màbo! Mo ha dúdú ìdí ìkòkò Ìyá wa títí ìkòkò fi ń dán. Mo ra oje igi lọ́wọ́ àwọn Hausa, mo rẹ ẹ́, mo pò ó. Bó bá gbẹ, á sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo dín oje kù, ó di ẹ̀tù, ó ń bọ́ lulẹ̀. Mo ń pò ó, mo ń dà á nù, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀gá mi ṣe ní kí n máa ṣe. Múfútáù, akẹ́kọ̀ọ́ yín tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú báyìí, ní òun ò mọ̀ ọ́n pò, yíǹkì inú ìgò lòun ń rà ní tòun. Ọ̀sán ọjọ́ kan mo jókòó ti ìkòkò, ojú mi ti wọ̀, ọmọ kéwú kan yọ ahọ́n sí ẹnìkejì rẹ̀, mo bá kígbe. Ahọ́n yín! Bàbá mi, ahọ́n yín tó máa ń dúdú! A máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé Alfa jẹ èédú, ẹ̀yin á tún mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ síta fún wa. Àṣé ẹ ń tọ́ ọ wò ni? Mo fi ìka kàn án, mo fi sẹ́nu. Èyí tí oje rẹ̀ pọ̀ jù ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, èyí tó kéré jù ń ṣe yanrìn-yanrìn. Mo ń tọ́ ọ wò, mo ń bu oje sí i díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ń yọ́ lẹ́nu wọ́ọ́rọ́. Ọjọ́ yẹn ló gbẹ tí kò sán. Mo sáré lọ yọ ahọ́n sí Ìyá wa, wọ́n ní orí mi ti dàrú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Múfútáù bá mi kó àwọn wàláà yín sọ̀ kalẹ̀ láti àjà, ó ní kí n má jẹ́ kó sọnù o, ohun Alfa ni. Ìwé kíkọ yín ló wá kù. Ẹ máa ń kọ̀wé bí ẹni ń yára lọ sí mọ́ṣáláṣí, gbogbo lẹ́tà á tẹ̀ síwájú. Tèmi ń dúró ṣánṣán bíi ṣọ́jà. Mo kọ, mo fọ̀, mo tún kọ. Ìgbà tí mo wá jókòó sí igun yín, tí mo ká ẹsẹ̀ kò bíi tiyín, tí mo gbé wàláà lé itan, ni ọwọ́ mi tó tẹ̀. Àṣé ìjókòó ló ń tẹ ìwé náà! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo máa ń na ẹsẹ̀ gbọọrọ síwájú yín? Láti ọjọ́ yẹn, mo kọ wọ́n lọ láìdúró. Nígbà mìíràn, ó ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ yín ṣì bo tèmi.

Mo gbé ọ̀kan lọ fún ọ̀gá mi wò. Ó dùn mọ́ wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, dúdú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Fi fáníìṣì bò ó kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí àwọn olùyẹ̀wò tó dé, á ti parẹ́." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìfihàn iṣẹ́ wa. Mo to gbogbo wàláà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ ra fáníìṣì. Nígbà tí mo fẹ́ padà, kò sí epo, kò sí ọkọ̀, ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo sùn.

Bàbá mi, nígbà tí mo wọlé lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti ràn. Àwọn wàláà fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń gbẹ. Wọ́n mọ́ nini. Ìyá wa ló pàdé mi, wọ́n gbé àwo ńlá kan dání tí omi dúdú wà nínú rẹ̀, ẹnu wọn ò pa dé. Wọ́n ní, "Káàbọ̀, Alfa kékeré. Mo pe àwọn ọmọ kéwú, wọ́n ka gbogbo ẹ̀ ketekete, kò sí èyí tí wọn ò kà. Mo wá fọ̀ ọ́ fún ẹ, mo fi oyin sí i. Gbà, mu ún. Ìdánwò ẹ ti dé tán."

Hàǹtú! Bí ẹ ṣe máa ń fọ wàláà fún aboyún, fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, tí ẹ ó ní kí wọ́n mu omi rẹ̀ kí ọ̀nà lè là, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fọ gbogbo iṣẹ́ mi. Mo jókòó lulẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́rùn. Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ ti pa mí!" Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní, "Kí ni mo ṣe? O kọ ọ́ tán, wọ́n kà á tán. Kí ló tún kù tí wọ́n ń fi wàláà ṣe?"

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ ká ní ẹ wà níbẹ̀? Agolo fáníìṣì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń fi ahọ́n tọ́ tàdáwà wò yẹn, ẹ ń pò ó kó lè dúró títí ọmọ á fi mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, kó sì lè ṣí nígbà tí omi bá kàn án. Mo mọ̀ ọ́n, èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi o, n kò ní parọ́ fún yín. N kò bá Ìyá wa sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn náà kò bá mi sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé wọ́n ti sunkún. Mo mu nínú hàǹtú náà ṣá. Ta ló máa kọ hàǹtú ìyá rẹ̀? Oyin wọn pọ̀ ju tàdáwà lọ.

Ní àárọ̀, oòrùn gba ẹ̀gbẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ sára àwọn wàláà, mo sì rí i. Wọn ò mọ́ tán. Ìwé mi ṣì wà níbẹ̀, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà bí èèyàn bá rọra wò ó. Lábẹ́ rẹ̀, ìwé mìíràn wà tí kì í ṣe tèmi. Lábẹ́ ìyẹn, òmíràn tún wà. Ọwọ́ yín ni. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ ti kọ tí àwọn ọmọ sì ti fọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n wà nínú igi yẹn, wọn ò lọ síbì kankan. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ibi àtàǹpàkò ń dán lára gbogbo wọn, àwọn mìíràn tiẹ̀ ti jìn wọnú díẹ̀. Èruku àjà àti dúdú tí èmi fi kọ̀wé ló bò yín mọ́lẹ̀ tí n kò fi rí yín láti ọjọ́ yìí.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá wa. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé wọ́n ṣe mí lóore tí wọn ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kò bà jẹ́ mọ́?" Mo ní kò bà jẹ́. Mo mú wọn lọ́wọ́, mo fi han wọ́n. Wọ́n fi ìka tọ ìwé yín lára wàláà kan, wọn ò lè kà á, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tọ̀ ọ́ dé òpin. Nígbà tó yá, mo rí Múfútáù tó ń gun àjà. Ìyá wa ló ní kó gbé awọ àgbò yín sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n sá a sí oòrùn, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ kéwú ò lè yí ilẹ̀ lásán ká."

Nígbà tí Ọ̀gá Adéníji rí àwọn wàláà, wọ́n gbé ọ̀kan síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n bèèrè pé ta ló ṣe èyí. Mo ní ìyá mi ló fọ̀ wọ́n, sà. Wọ́n ní, "Kọ orúkọ wọn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìẹ." Wọ́n sì gba fáníìṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àga ilé àwọn ń wá irú ẹ̀.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn títí di ọjọ́ ìfihàn. Ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ni mo gbé lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ń wọ bàtà wọ̀. Ṣé ẹ yọ̀ǹda? Ta ni màá bi? Mo tò wọ́n yíká, mo tẹ́ awọ àgbò sí àárín, mo gbé ìyókù omi dúdú inú àwo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí Ìyá wa máa ń gbé omi yín sí. Mo há ọ̀rọ̀ òyìnbó sórí láti fi ṣàlàyé. Àwọn olùyẹ̀wò ti wà nínú ilé, wọ́n ń yí po, ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan tó ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá, bi mí pé, "Bàbá tí o ní o yà dà?" Ọ̀rọ̀ òyìnbó fò lọ.

Ìgbà yẹn ni Múfútáù mú Ìyá wa dé. Ẹsẹ̀ wọn ò tẹ ilé-ẹ̀kọ́ mi rí. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí wàláà, wọ́n bọ́ bàtà. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n kàn dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó wà nínú ilé. Ọ̀gá Adéníji ló kọ́kọ́ jáde lọ bọ́ tiwọn. Obìnrin olùyẹ̀wò náà fọwọ́ ti ògiri, ó bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ gíga rẹ̀, ó sì gbé e síta. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà, èyí kojú síhìn-ín, èyí kojú sọ́hùn-ún, bíi ti iwájú ilé wa nígbà ayé yín.

Ìyá wa wá wọlé. Wọn ò wo wàláà kankan. Wọ́n lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ awọ àgbò, níbi tí àwo omi wà, wọ́n rọra kúnlẹ̀.

"Alfa, ẹ kú ìjókòó o."

Wọn ò dìde. Ọ̀gá mi ń wò mí, obìnrin olùyẹ̀wò ń wò mí, Múfútáù ti yíjú sí ògiri. Ìyá wa ń dúró de èsì, bí wọ́n ṣe máa ń dúró, orúnkún wọn sì ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ yìí. N kò mọ bí mo ṣe dé ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ní òdìkejì wọn, n kò gbójú sókè.

"Hòo, Ìyá Alfa kékeré."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dìde.

Mo yege, Bàbá mi. Máàkì tí wọ́n fún mi dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo ń dúpẹ́ rẹ̀. Mo ti dá wàláà padà fún Múfútáù, àwọn ọmọ ti ń kọ ẹ̀kọ́ tuntun sórí wọn, mo sì ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ahọ́n pò tàdáwà. Ìyókù omi inú àwo, ìdí igi ọsàn ni mo dà á sí. Awọ àgbò yín kò padà sí àjà. Òun ni mo jókòó lé yìí. Ojú yín ò tíì padà wá bá mi pátápátá, fìlà àti irùngbọ̀n ni mo ṣì ń rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ gbé gègé lé mi lọ́wọ́. Ẹ ṣeun fún àyè àtàǹpàkò. Ọlọ́run kẹ́ yín, kó tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí. Oòrùn ti ń mú, Ìyá wa ń bọ̀ pẹ̀lú omi. Igun yìí ni wọ́n gbà, mo sì ní láti tètè dáhùn.

Èmi ni tiyín, tí ahọ́n rẹ̀ ṣì dúdú,
Alfa kékeré